Dídì Ni Òrùlé: Ẹ̀kọ́ Ìjì fún Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òrùlé rí ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìjì a máa ṣáájú òjò, ìhà ìlà-oòrùn ni ó sì sábà máa ń gbà wá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè ṣí páànù ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ọjà lọ. Àwọn olóṣèlú a wá kí ará ìlú kú àjálù, wọn a ṣèlérí ìrànwọ́, àwọn kan a sì ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Lóòótọ́, kò sí ẹ̀dá tó lè dá ìjì dúró. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ṣí, ọwọ́ ènìyàn sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títì nìkan ni ìjì ń ti ilé. Ó ń ti ògiri, ṣùgbọ́n ó ń fa òrùlé sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba orí páànù kọjá, agbára tó ń tẹ páànù náà mọ́lẹ̀ a dínkù, afẹ́fẹ́ inú ilé a sì máa tì í láti ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìjì bá wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ a tún burú sí i. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan lè fi agbára tó tó ìwọ̀n kílò 25 fa páànù tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n páànù náà fúnra rẹ̀ kò tó kílò 5. Bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í sì í fẹ́ dọ́gba; a fẹ́, a rọlẹ̀, a tún já lu ilé láti ibòmíràn, títí ìṣó yóò fi tú.

Irú àṣìṣe yìí ti gbé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣubú rí. Afárá Tacoma Narrows ní Amẹ́ríkà lágbára tó láti ru ọkọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1940, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ìjì tí eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 64 ní wákàtí kan lọ́ ọ bí aṣọ títí ó fi já sómi. Àwọn tó kọ́ ọ ṣírò ẹrù tí yóò gbé, ṣùgbọ́n wọn kò ṣírò bí atẹ́gùn ṣe lè máa mì ín sókè sódò. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń fi àwòṣe afárá gígùn dán afẹ́fẹ́ wò kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Àwọn baba ńlá tó fi okùn di òrùlé koríko mọ́ igi mọ̀ pé dídì ni òrùlé, pé gbígbé e lé ògiri kò tó. Lónìí, kí wọ́n da kọnkéré yí orí ògiri ká, kí wọ́n ri irin sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi irin náà di igi òrùlé mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti òrùlé tuntun.

Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn máa yẹ ìdè òrùlé wò kí ilé tó parí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ páànù yẹn kọ́ ni wọ́n yan káfíńtà tó kàn án.