Ẹ Má Fi Ayùn Kan Férémù Rẹ̀

Lẹ́yìn ilé wa ní Oǹdó, lábẹ́ páànù tó bo ibi ìdáná àtijọ́, ni Honda CG125 bàbá mi wà láti ìgbà tí bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Adìẹ ti yé sórí ìjókòó rẹ̀ rí. Táyà méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀, sàlẹ́ǹsà ti dógùn-ún títí ó fi lu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táǹkì, àwọ̀ pupa tí bàbá máa ń nù ní àràárọ̀ Sátidé ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní FUTA ní Àkúrẹ́, wá bá mi pẹ̀lú àwòrán nínú fóònù rẹ̀. Alùpùpù àtijọ́ kan ni, tí wọ́n tún ṣe di ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní cafe racer: ìjókòó ẹnì kan tó ní iké lẹ́yìn, ọwọ́ tó lọ sílẹ̀, kò sí mọ́dígáàdì, kò sí ohunkóhun tó ń dí ojú lọ́wọ́. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ohun tí mo fẹ́ fi máṣíìnì bàbá àgbà ṣe nìyí. Mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, ọjọ́ méjì ni."

Mo gbà pé kó ṣe é. Gígé yẹn ni n kò gbà. A ti ń fa ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, mo sì fẹ́ gbé e síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ilé tí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé pọ̀ ní Oǹdó, ó sì pọ̀ ní Àkúrẹ́.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí ni ariwo wà fún, kí á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Àwọn yìí ti gbàgbé ohun tí máṣíìnì jẹ́ lọ́dọ̀ wa rí. Kí orúkọ ọ̀kadà tó dé, èyí tí àwọn èèyàn mú lára Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, olùkọ́, wolé-wolé àti àwọn tó ń yẹ kòkó wò ló ń gun máṣíìnì. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní ìparí 1974, tí wọ́n san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi tirẹ̀ ra èyí tó lè gbé òun dé ẹnu iṣẹ́. Bàbá mi kò rí tirẹ̀ rà nígbà náà. Ọwọ́ wolé-wolé kan ló ti rà á ní 1984, àlòkù, ó sì fi í kọ́ àwa ọmọ márùn-ún níwèé. Irin tó gbé ilé ró kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀n ní kílò.

Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni cafe racer, kò kàn wá. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé oúnjẹ kan wà ní ẹ̀bá North Circular Road tí wọ́n ń pè ní Ace Cafe. Wọ́n ṣí i ní 1938, bọ́ǹbù ogun bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ́ ní 1949, ó sì di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó alùpùpù wọn jọ sí ní alẹ́. Àwọn ọmọ yẹn kò lówó ra alùpùpù eré ìje. Èyí tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń bọ́ ohun tó wúwo kúrò lára rẹ̀, kí ó lè sá tó 100 máìlì ní wákàtí kan. Ẹlòmíràn á yọ ẹ́ńjìnnì Triumph, á gbé e sínú férémù Norton, wọ́n á sì pè é ní Triton. Ace Cafe ti ilẹ̀kùn ní 1969, ó sì tún ṣí ní 2001.

Ṣé ẹni tó bá mọ bòlẹ̀kájà, ọkọ̀ akérò àtijọ́ wa, á wá sọ pé irú iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí wa? Ẹ́ńjìnnì àti férémù Bedford nìkan ló ń ti òkè òkun dé. Káfíńtà tiwa ló ń fi pákó kọ́ ara rẹ̀, ayàwòrán tiwa ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn, títí ọkọ̀ náà fi dá yàtọ̀ sí gbogbo ọkọ̀ yòókù lójú títì. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa àwọn káfíńtà yẹn: orí férémù ni wọ́n ń kọ́ ilé wọn lé. Wọn kì í gé férémù.

Ibẹ̀ gan-an ni èmi àti ọmọ náà ti pínyà.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò lára CG125, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1976 ni Honda gbé máṣíìnì yìí jáde, irú ọ̀nà tiwa yìí ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ti lọ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀dà kò tíì délé dóko, wọ́n sì rí i pé èèyàn ń di ẹrù lé alùpùpù kọjá agbára rẹ̀, pé wọn kì í tètè pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, pé eruku ń jẹ ṣéènì. Wọ́n padà lọ ṣe ẹ́ńjìnnì 124 cc tó jẹ́ pé ọ̀pá ni ó ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, kí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tún un ṣe láìní irinṣẹ́ olówó ńlá. Fáàfù yẹn kò béèrè ju àlàfo 0.08 mìlímítà lọ, ìwọ̀n irun orí kan. Wọ́n sì fi àpótí irin bo ṣéènì láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Àpótí yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ṣe cafe racer ń yọ sọnù. Ó dára ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá yọ ọ́ níhìn-ín, kí ẹ gba ọ̀nà oko tó yà láti Bọ́lọ́rundúró lọ ní oṣù January, kí ẹ padà wá wo ṣéènì yín: epo tí ẹ fi kùn ún ti pò mọ́ eruku pupa, ó ti di nǹkan tí à ń fi lọ irin. Bákan náà ni àpótí atẹ́gùn. Nínú àwòrán, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi fílítà kékeré ṣókí kan sí ẹnu kabúrétọ̀, ìhòòhò ló wà. Ọyẹ́ kan péré ti tó kí eruku gba ibẹ̀ wọlé kó sì họ ara sìlíńdà. Mọ́dígáàdì ńkọ́? Ẹni tó bá ti tẹ̀lé tírélà láti Owénà nínú òjò mọ ohun tí à ń fi í ṣe.

Ọmọ náà gba ti ṣéènì àti ti fílítà. Ti ìdí férémù ni kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní irin tó yọ sẹ́yìn ìjókòó yẹn kò wúlò, ó ń ba ojú jẹ́. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo ibi tí ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì ti fara kọ́ férémù. Irin méjì tó ti abẹ́ táǹkì bọ̀ ló gbé orí ṣọ́kì dání, irin ìdí yẹn ló sì so méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn kí wọ́n má baà ya ara wọn. Bí ẹ bá gé e, gbogbo ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá wọ kòtò ni irin méjèèjì á máa fà síra wọn. Òótọ́ ni pé àwọn tó mọṣẹ́ ń rọ irin mìíràn dí ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù férémù máṣíìnì kékeré kò nípọn, iná wẹ́dà sì máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó di gígan. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tí tirẹ̀ dá nídìí níbi búmpù kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ojú ibi tí wọ́n jó kò yẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya. Orí ló yọ ọ́, torí eré díẹ̀ ló ń sá nítorí búmpù náà. Èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó sì yè é.

Ní January 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọlọ́kadà dé akoto, àwọn kan kun igbá ní ọ̀dà, wọ́n dé e sórí. Láti òkèèrè, akoto ni. Irin tí a jó tí a fi ọ̀dà dúdú bò rí bẹ́ẹ̀ náà lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà férémù wà ní ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń yí. Bí wẹ́dà tàbí ẹni tó ń lọ irin bá fi ẹ̀rọ kan ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, máṣíìnì tí bàbá yín fi owó oṣù rà ti di ohun tí ọlọ́pàá lè pè ní ti olè, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi já a ní irọ́. Bí ẹ bá sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ lọ ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e sójú títì.

Kí ni mo wá fara mọ́? Cafe racer tó ṣeé tú padà. Ìjókòó tuntun lè gùn díẹ̀ sẹ́yìn, kí iké rẹ̀ bo irin ìdí mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ lè ṣe é lórí páànù, kí á sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti ọwọ́, kí ó má ṣe jẹ́ èyí kúkúrú tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, tó ń da gbogbo ara sórí ọrùn ọwọ́. Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ọwọ́ pẹlẹbẹ tó tọ́ gbọọrọ dára tó, kò ga, kò sì ní dá ọwọ́ lóró. CG kò lè sá ju bíi 100 kìlómítà ní wákàtí lọ, ohunkóhun tí a bá bọ́ lára rẹ̀. Ẹwà là ń wá, kì í ṣe eré. Ẹwà kò sì béèrè ayùn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ fún un. Ojú ewé àkọ́kọ́, bíréèkì. Kì í ṣe ọ̀dà, kì í ṣe ìjókòó. Ó kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a tú àgbá táyà iwájú, eruku dúdú tú jáde, ṣúù bíréèkì tó wà nínú rẹ̀ ti tín bíi bébà, ẹ̀gbẹ́ kan ti lẹ̀ kúrò lára irin rẹ̀. Ó mú un dání, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Bọ̀dá, èyí ni bàbá àgbà ń gùn?" Kò bá mi jiyàn lórí ètò ìwé náà mọ́. Lẹ́yìn bíréèkì, táyà, bẹ́ríǹ àti sípóòkù. Lẹ́yìn ìyẹn, iná, nítorí àwọn CG tó kọ́kọ́ dé ń lo volt 6, fìtílà wọn kò ràn ju àtùpà lọ. Lẹ́yìn iná, ẹ́ńjìnnì. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni ọ̀dà.

Táǹkì la ti ṣe parí. A yọ ọ́, a da kẹrosíìnì sí i, a da ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ lé e, a dí gbogbo ojú rẹ̀, a sì gbà á lọ́wọ́ ara wa, à ń mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde pupa bí osùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ṣe é kí kẹrosíìnì tó jáde bó ṣe wọlé. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, ó ń wò wá, ó ní bí bàbá ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn, òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń lò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní irú máṣíìnì yìí nílé, ẹ tún un ṣe. Ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ méjì tàn yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ dì í, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ọmọ tí ẹ máa bí lè dá a padà sí bó ṣe wà bó bá wù ú. Tiwa wà nínú àpò ìrẹsì mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ní Oǹdó.