Àlejò Lójú, Ó Sì Fi Ń Ríran

Wọ́n máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ti Èkó yìí ni, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwa tá à ń gbé ibẹ̀ gan-an lojú wa ti kú. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àti owó ilé ti gba gbogbo ọkàn wa.

Ìyá mi lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí, Ìkirun ni wọ́n ti wá. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe é l'Ékòó. Bí ìyá bá ti dé láti ilé, wọ́n á gbé e síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n á ti géètì, ó dalẹ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìyá á ní òun ń lọ, òun ò ṣẹ ìjọba tí wọ́n fi ń ti òun mọ́lé. Ìyá tèmi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n mú àwọn jáde. A sì jáde lóòótọ́.

Mile 2 la ti wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìyá wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Èéfín rẹ̀ dà? Kí ló ń fà á?" Mo ní iná mànàmáná ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Iná NẸ́PÀ yìí náà?" Gbogbo èrò tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ̀ gun orí omi, tó ń lọ sí Marina, kálukú ń tẹ fóònù, ìyá mi nìkan ló ń wo omi. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin tó jókòó tì wá fi fóònù sápò, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Bá a ṣe dé Ìdúmọ̀tà, ìyá di onílé, èmi di àlejò. Wọ́n ní nígbà táwọn ń ṣòwò aṣọ, Ìddó lọkọ̀ ojú irin máa ń já àwọn sí láti Ìkirun, àwọn á sì fẹsẹ̀ gba orí afárá Carter wọ Èkó. Wọ́n fi ibi táwọn ti ń rajà láwìn hàn mí. Owó ọjà yẹn ni wọ́n fi rán wa níléèwé.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti ká mi lára ni orí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kílómítà 12. A ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kétu. Ìyá nawọ́ sí Mákòkó, wọ́n ní, "Àwọn wo ló ń gbé orí omi yẹn?" Mo ní àwọn Ègùn pọ̀ níbẹ̀, apẹja ni wọ́n, àwọn ìyàwó wọn ló ń yan ẹja. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ wọn ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń lọ síléèwé?" Awakọ̀ ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wà lọ, ó ní lọ́dún 2012 ìjọba tiẹ̀ wó lára àwọn ilé wọn. Ìyá mi ní, "Níbo wá ni wọ́n ní kí wọ́n lọ?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Bí èéfín ẹja bá ti dé imú wa, gíláàsì la máa ń yí sókè. Ìyá arúgbó tó rí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Nítorí náà, bí bàbá tàbí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àna yín bá wá kí yín, ẹ má fi tẹlifíṣàn tàn wọ́n. Ẹ mú wọn jáde, kẹ́ ẹ sì fetí sí ohun tí wọ́n bá ń béèrè. Èyí tẹ́ ẹ ò bá rí ìdáhùn sí, ẹ gbé e lọ bá àwọn tẹ́ ẹ dìbò fún.

Ọlọ́run á jẹ́ káwọn òbí wa pẹ́ fún wa o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.