Yàrá Olúkúlùkù nínú Ilé Kan

Àwọn baba wa mọ ilé kọ́. Ẹni tí ó bá wọ agbo ilé àtijọ́ ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá, níbi tí tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò, ti ń jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni a ti ń wọ yàrá olúkúlùkù, kò sì sí ọmọlúwàbí tí í wọ yàrá ẹlòmíràn láìké àgò. A kò gbọ́ rí pé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tú ìdílé ká.

Lóde òní, ilé mìíràn ti wà nínú ilé. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, fóònù wà lọ́wọ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sì so gbogbo wọn pọ̀. Ó ṣeni láàánú pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, orúkọ kan ṣoṣo àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń lò, tí àlejò àti aládùúgbò pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásán nìyẹn. Kò ní yàrá.

Ẹ jẹ́ kí á ro irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Bàbá tọ́jú àwòrán ìwé ilẹ̀ ìdílé sínú kọ̀ǹpútà; ìyá ń kọ gbèsè àti èrè ọjà rẹ̀ sí i; ẹ̀gbọ́n kó àwòrán ìyá àgbà tí ó ti dolóògbé síbẹ̀. Bí àbúrò, ọmọ ọdún méje, bá wá ń wá àyè fún eré rẹ̀, tí ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ta ni a ó dá lẹ́bi? Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọdé, bí kò ṣe ti ẹni tí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí olúkúlùkù ní àkáǹtì tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tirẹ̀. Kí àkáǹtì olórí wà lọ́tọ̀, kí a má sì lò ó àfi nígbà tí a bá fẹ́ fi nǹkan tuntun sí ẹ̀rọ tàbí yọ ti àtijọ́ kúrò. Nítorí pé ohun búburú tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà olórí wọlé, agbára olórí ni yóò fi jayé. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé, kí a kó o sí ojú kan. Ṣùgbọ́n kí a ya àṣẹ kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ títúnṣe àti píparẹ́. Kí gbogbo ọmọ lè wo àwòrán ìyá àgbà, kí ẹni méjì péré lè fọwọ́ kan ìwé ilẹ̀, kí ìwé ọjà ìyá sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kí àlejò ní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ̀dà ohun iyebíye sì wà níbòmíràn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kò lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tàbí olè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1961, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà kan hàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kí ó lè máa ṣọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ ní ọdún 1962, Allan Scherr, tí àkókò tí a fún un kò tó, dọ́gbọ́n tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde. Èyí fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ láìsí ìwà kò tó.

Àwọn kan yóò ní àìfọkàntánni ni kí ọmọ ìyá máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Wọn kò rò ó dáadáa. Ẹni tí ó ní yàrá tirẹ̀ ni í fi ayọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí olórí ilé máa ka gbogbo nǹkan nítorí pé òun ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí òbí máa ṣọ́ ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí yàrá rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀. Ìṣọ́ ni a fi kọ́kọ́rọ́ lé olórí lọ́wọ́ fún, kì í ṣe fún òfófó. Ilé tí ọmọ bá ti kọ́ láti ké àgò ní ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, kò ní fọ́lé ẹni ẹlẹ́ni bí ó bá dé òde.