Ẹ Yẹ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Yín Wò Kí Ẹ Tó Rìnrìn-Àjò Ọyẹ́

Ní Òkè-Ìlá níbí, bí a bá jí láàárọ̀ báyìí, a kì í rí àwọn òkè tó yí Adó ká mọ́. Kùrukùru ti bò wọ́n. Ètè ń bẹ́, àwọn ìyá sì ń fi òrí pa ọmọ lára kí wọ́n tó lọ síta. Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, olúkúlùkù ti mọ̀ pé ìrìn-àjò dé nìyẹn. Àwọn kan ń lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó, àwọn kan ń lọ kí àna wọn ní Àbújá tàbí ní Jọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi náà sì ń múra àtibọ̀ wálé.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ló kan ojú ìwé ìdílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Ó kàn án púpọ̀. Ta ló wà nínú mọ́tò náà? Ìyàwó ni, ọmọ ni, ìyá arúgbó ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jókòó sọ ọ́ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún wa.

Ohun tí ojú wa rí

Ní December ọdún kan, a fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó ẹbí wa ní Èkó. Ọkọ̀ wa jẹ́ Toyota Corolla tí a rà ní tòkunbọ̀, ó sì ti dàgbà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò náà tí ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí a bá ti bọ́ sí kòtò. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó mi táyà náà, ó ní, “Alàgbà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yìí ti jẹ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í lọ ọ̀nà jíjìn.”

A bi í ní iye tí yóò ná wa, ó sì sọ ọ́. Kì í ṣe pé owó náà kò sí. Ó wà, ṣùgbọ́n a ti yà á sọ́tọ̀ fún aṣọ ẹbí. Òótọ́ mìíràn tún ni pé a kò fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò lọ. A fẹ́ kí ẹbí rí i pé mọ́tò tiwa ni a gbé wá. A wá sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó jẹ́ kí a lọ kí a bọ̀ ná. Lọ́jọ́ tí a ó lọ, a kó yàm̀-ìṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo sí búùtù, a di ara wa lọ́wọ́ mú, a gbàdúrà, a sì gbéra.

A ti kọjá Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ, a ń gun òkè lọ sápá Ẹ̀fọ̀n. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa tó ń fà bí ìgbín, inú sì ń bí wa pé kò jẹ́ kí a ráàyè kọjá. Bí a ṣe bọ́ sínú kòtò kékeré kan báyìí, a gbọ́ “gbàà!” Ìdarí ọkọ̀ fò lọ́wọ́ wa, iwájú ọkọ̀ wó lulẹ̀ lápá ọ̀tún, táyà náà sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó rọ́. Nítorí pé a ń rọra lọ ni ọkọ̀ fi dúró. Ká ní orí títì Ìbàdàn sí Èkó ni, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, àwa kọ́ ni ì bá máa kọ ìwé yìí sí yín.

A jókòó sétí títì nínú òtútù. Ọmọbìnrin wa, tí kò tíì pé ọdún 10 nígbà náà, wò wá lójú, ó ní, “Dádì, ṣé èyí tí bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ní kí ẹ ṣe nìyí?” A kò rí èsì fọ̀. Ìyàwó wa kò sọ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì wúwo lọ́kàn wa ju bí ì bá ti sọ̀rọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ó ti yé wa pé ààbò tí a gbàdúrà fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ti rán an sí wa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Láti ẹnu ọmọkùnrin tí epo ẹ́ńjìnì pa lọ́wọ́ ni ó ti jáde. Àwa ni a kò gbọ́.

Kí ni ẹsẹ̀ ọkọ̀?

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara mọ́tò. Sípírìngì ló ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípírìngì lẹ́kun kó má bàa máa fò sókè-sódò. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà yóò máa fò kúrò lórí ọ̀nà, táyà tí kò sì fara kan ilẹ̀ kò lè gbọ́ búréèkì, kò lè gbọ́ ìdarí. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni oríkèé tó so ámù pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà, bí egungun itan ṣe wọnú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Táì-rọ́ọ̀dù ló ń gbé àṣẹ ìdarí dé ọ̀dọ̀ táyà. Búùṣì sì ni rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin, kí wọ́n má bàa máa gbá ara wọn.

Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ọgbọ́n kíkó ṣọ́ọ̀kì àti sípírìngì pọ̀ sójú kan jáde ní àwọn ọdún 1940. Irú èyí ló wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń lò lónìí. Òun náà ló wà níwájú Peugeot 504 tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé, èyí tí ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Lọ́dún kan náà, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1978, Peugeot 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ tó le ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà á níbẹ̀ kò gbójú lé orúkọ ọkọ̀ nìkan. Mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò bí ìrìn ti ń lọ. Bí ọkọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ bá nílò àyẹ̀wò, kí ni ká sọ nípa tiwa tó ti gbó?

Kí ló dé tó fi jẹ́ àkókò ọyẹ́?

Òjò ọdún ti gbẹ́ kòtò sójú títì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ti jìyà láti ìgbà òjò. Ọyẹ́ wá dé bá a nínú àárẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ń ru eruku bọ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Eruku náà kúnná bí èlùbọ́. Bí rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bá ti ya, eruku yóò wọlé, yóò pò mọ́ gíríìsì, yóò sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le sí i nínú òtútù òwúrọ̀, ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ yóò sì túbọ̀ là. Kùrukùru kì í sì í jẹ́ kí awakọ̀ tètè rí kòtò.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ má dúró di ọjọ́ tó ku ọ̀la. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé.

Èkíní, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun kan mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ti ń kú lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èkejì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ara ṣọ́ọ̀kì. Ọyẹ́ ń ran yín lọ́wọ́ níbí: bí epo bá ń yọ lára rẹ̀, eruku yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn, yóò dúdú, yóò sì tutù. Eruku gbígbẹ lásán kò burú. Ẹ tún wo sípírìngì bóyá ó ti kán níbì kan. Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ dé etí irin tó wà lókè táyà, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, sípírìngì ti rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki rọ́bà táyà tàbí igi bọ inú sípírìngì láti fi gbé e sókè. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta, kí mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè. Kó fi òkúta dí àwọn táyà tó kù, kó sì fi ohun tó le gbé ara ọkọ̀ dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó sì mì í. Bó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn ni. Kó tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kó sì mì í. Bó bá ń yẹ̀ níbẹ̀, kó wo táì-rọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tàbí sípírìngì, méjì-méjì ni kí ẹ pààrọ̀ wọn, iwájú méjèèjì tàbí ẹ̀yìn méjèèjì. Bó bá jẹ́ ámù tó ní búùṣì rọ́bà ni, ẹ bẹ mẹkáníìkì pé kó má de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi ìwúwo rẹ̀ dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ná. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, rọ́bà náà yóò lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ọ̀pọ̀ búùṣì tuntun tí a ń sọ pé ayédèrú ni, ibi tí wọ́n ti bàjẹ́ nìyí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláìnmẹ́ǹtì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ wa ọkọ̀ náà dé Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ sì padà, kí ẹ tẹ́tí sí i, kí mẹkáníìkì sì tún nọ́ọ̀tì táyà dè.

Ẹ má gbàgbé táyà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán, kó sì ti gbó. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó sì tẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹrù àti owó

Àwa ará Èkìtì kì í lọ́wọ́ òfo lọ kí ẹbí. Ṣùgbọ́n iṣu àti epo wúwo. Bí búùtù bá kún jù, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò jókòó, iwájú yóò fúyẹ́, ìdarí kò ní gbọ́ dáadáa mọ́, iná yín yóò sì máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ nínú kùrukùru. Ẹ gbé èyí tó wúwo jù sí ìsàlẹ̀, kó sún mọ́ ẹ̀yìn àga. Èyí tó bá kù, ẹ fi ránṣẹ́.

A mọ̀ pé owó le. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tó lè pa ènìyàn: búréèkì, táyà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù, àti búùṣì ámù tó ti ya pátápátá. Ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e. Línkéèjì tó kàn ń pariwo lè dúró díẹ̀. Bí owó kò bá sì tó èyí tó ṣe kókó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sílé, kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò tó dára. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú tí a rí létí títì yẹn ju ti gáréèjì lọ fíìfíì.

Láti 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, àjọ náà kò dẹ́kun ìkìlọ̀ ní òpin ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè wọ abẹ́ ọkọ̀ gbogbo wa. Baálé ilé àti ìyáálé ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Kọ̀, kọ̀, kọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lónìí yẹn, ẹ má fi orin bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin wa ti dàgbà báyìí. Síbẹ̀, kí a tó jáde ní Òkè-Ìlá, kì í wọ ọkọ̀ bí kò bá tíì béèrè pé, “Dádì, kí ni mẹkáníìkì wí?” Inú wa máa ń dùn pé a ní èsì fún un. Kí ẹ̀yin náà ní èsì fún àwọn ọmọ yín. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, a ó sì jọ rí ọdún tuntun.