Kí Ẹ Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì, Ẹ Ka Ara Páálí Rẹ̀



Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń fẹ́ rà ní àkókò yìí. Òun ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí à ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè fẹ́ ẹ, kí ó lè máa kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú rẹ̀, kí ó sì máa fi àwòrán aṣọ tuntun hàn wọ́n. Télọ̀ fẹ́ ẹ nítorí àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òbí fẹ́ ẹ nítorí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó bá ń dá 1,000 sẹ́fà fún alájọ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dá a fún ọ̀sẹ̀ 80 kí owó náà tó pé 80,000 sẹ́fà. Èyí ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Owó tí a fi ọdún kan àti ààbọ̀ kó jọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni a lè fi sọ ọ́ nù níwájú ìsọ̀ ọlọ́jà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ èrò mi fún yín lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èrò mi ni pé tábúlẹ́ẹ̀tì tó yẹ wá kì í ṣe èyí tó tóbi jù, kì í ṣe èyí tó pọ́ọ́kú jù, kì í sì í ṣe èyí tí ọlọ́jà ń pariwo rẹ̀ jù. Èyí tó yẹ wá ni èyí tó jẹ́ tuntun, tí a mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó ń gba káàdì SIM, tí àyè inú rẹ̀ sì tó iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Èrò mi kejì ni pé ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà bá yín kà á.

Android kan kò jọ ọ̀kan

Bí ẹ bá bi ọlọ́jà pé irú tábúlẹ́ẹ̀tì wo ni èyí, ó lè dáhùn pé, "Android ni." Ìdáhùn yẹn kò tó. Android ni ètò inú ẹ̀rọ tó ń mú un ṣiṣẹ́. Google ra ilé-iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2005. Tẹlifóònù àkọ́kọ́ tó lo Android jáde ní ọdún 2008. Ní ọdún 2010, Samsung gbé Galaxy Tab rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 7. Lónìí, Samsung, Lenovo, Tecno, itel àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń lo ètò kan náà. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ mẹ́wàá bá ra aṣọ láti ara ìgàn kan náà. Aṣọ náà ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ìrán wọn kò lè dọ́gba.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi nǹkan pàtàkì sílẹ̀ nínú ìrán tiwọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì Fire ti ilé-iṣẹ́ Amazon kò ní Google Play, níbi tí àwa ti máa ń gba àwọn ètò tí à ń lò. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun ti Huawei náà kò ní i mọ́, láti ìgbà tí òfin ìjọba Amẹ́ríkà ti dé ilé-iṣẹ́ náà lọ́nà ní ọdún 2019. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun bá ní òun fẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ó tó rà á.

Àwọn nọ́ńbà tó wà lára páálí

Ẹ ti mọ nọ́ńbà kà. Ẹ wá fi ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá lára páálí.

Èkíní ni GB. Ẹ ó rí i lẹ́ẹ̀mejì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan dà bí àká tí à ń kó iṣu sí. Ibẹ̀ ni àwòrán, ìwé àti orin yín yóò máa gbé. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní RAM, dà bí àtẹ tí ẹ pàtẹ ọjà sí lónìí. Bí àtẹ bá kéré, ọjà yóò máa já bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì máa lọ́ra. Ní tèmi, kí àtẹ má ṣe dín ní GB 4, kí àká má sì dín ní GB 64. Ètò Android fúnra rẹ̀ ń gba àyè nínú àká kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá ra GB 32 kò ní pẹ́ tí yóò fi máa pa àwòrán rẹ́ kí ó lè rí àyè.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Lára àwọn páálí kan, ẹ ó rí "8 GB" gàdàgbà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tín-ín-tín, ẹ ó rí "4+4". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé GB 4 ni àtẹ náà ní tòótọ́. GB 4 ìyókù, àyè tí wọ́n yá láti inú àká ni. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ san owó àtẹ ńlá lé e lórí. Ẹni tí kò bá lè ka lẹ́tà tín-ín-tín ni ọ̀rọ̀ yìí ń mú.

Èkejì ni mAh. Òun ni ó ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ti pọ̀ tó. Samsung Galaxy Tab A9, tó jáde ní ọdún 2023, ní 5,100. Galaxy Tab A9+, tí wọ́n jọ jáde, ní 7,040. Ẹ má ṣe sọ pé èyí tó ní 7,040 ni yóò pẹ́ jù láìsí àníàní. Ojú ti èkíní jẹ́ ínṣì 8.7, ti èkejì jẹ́ ínṣì 11. Ojú ńlá a máa jẹ iná ju ojú kékeré lọ. Ilé tí ẹnu bá pọ̀ sí, oúnjẹ ibẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ooru tún jẹ́ ọ̀tá bátìrì. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn ṣe ń mú ní Parakou nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ẹ má ṣe fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí àtẹ nínú oòrùn, ẹ má sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó bá ń gba iná.

Ẹ̀kẹta ni LTE, tàbí 4G. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kábàámọ̀. Bí ẹ bá rí "Wi-Fi" nìkan lára páálí, tábúlẹ́ẹ̀tì náà kò ní gba káàdì SIM. Orúkọ kan náà lè wà lára oríṣi méjèèjì. Galaxy Tab A9 tó jẹ́ Wi-Fi nìkan ni wọ́n kọ SM-X110 sí lára. Èyí tó ń gba SIM ni wọ́n kọ SM-X115 sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan yẹn lè sọ ẹ̀rọ yín di àwo lásán nínú ilé tí kò sí Wi-Fi. Wi-Fi kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹni tó bá ra ti Wi-Fi gbọ́dọ̀ máa ti inú tẹlifóònù rẹ̀ fún un ní mẹ́gà nígbà gbogbo.

Bí ó bá tilẹ̀ ń gba SIM, ẹ ní kí ọlọ́jà fi hàn yín bóyá ó lè pe ènìyàn. Èyí tí kò bá lè pe ènìyàn, ó lè má jẹ́ kí ẹ tẹ *880# láti fi owó ránṣẹ́ ní MTN. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta tẹlifóònù kékeré yín nítorí pé ẹ ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ti ńlá ni tàbí ti kékeré?

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí nìyí. Galaxy Tab A9 wúwo tó gíráàmù 332. A9+ wúwo tó gíráàmù 480. Ẹni tó ń gbé e lọ sí ọjà lójoojúmọ́ tó sì ń fi ọwọ́ kan lò ó, kí ó ra ti kékeré. Lenovo Tab M9, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 9, wà ní ìpele yìí náà. Ẹni tí ń fi sílé, tí òun àti ọmọ yóò jọ máa kàwé lójú rẹ̀, kí ó ra ti ńlá bí owó bá tó o. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn nìkan ra ti ńlá, nítorí a lè sọ lẹ́tà di ńlá nínú tábúlẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí.

Ti pọ́ọ́kú àti ti tókúnbọ̀

Ẹ ó rí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ rí, tí wọ́n kọ "512 GB" sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó fi àǹfààní tó ìyẹn tọrẹ? Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ nípa ààbò ẹ̀rọ ṣàlàyé pé àwọn rí ẹ̀rọ Android olówó pọ́ọ́kú, tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà lára wọn, tí a ti fi ètò olè sínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n. Wọ́n pe iṣẹ́ ibi yìí ní BADBOX. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún kìlọ̀ fún aráàlú nípa rẹ̀. Ẹni tó ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ owó, ó ti gba olè sínú yàrá.

Ti tókúnbọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti gbó. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lè ti dáwọ́ dúró láti máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Bí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kò bá yọ orúkọ Google rẹ̀ kúrò kí ó tó nù ún nù, ẹ̀rọ náà lè tì pa mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra tókúnbọ̀, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà tàn án, kí ó nù ún, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́tun lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kà á.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì

Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà, lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Android kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fún ọmọ ní ẹ̀rọ náà, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀. Wọn kò fún ọmọ ní ọpọ́n òfìfo.

Bí a ṣe lè ṣe é nìyí. Mẹ́gà kì í ṣe omi òjò. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìjọba wa bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí 5 sẹ́fà lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Aráàlú fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì fagi lé e nínú oṣù kan náà. Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé owó mẹ́gà kò sí lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ẹ gba ìwé sínú tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa kà á láìsí mẹ́gà. Ẹ sì fi bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá ti Gboard sí i, kí ẹ lè máa kọ èdè yín pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé fẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe, ìwé àti bírò tó o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ tí yóò fi ṣe lójoojúmọ́, kí ó má rà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí rẹ̀ wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní iṣẹ́ fún un, kí ó rà á, kí ó sì jẹ́ olówó rẹ̀. Mo ń bá ẹ̀yin ìyá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Ẹ̀yin ni ẹ dá àjọ, ṣùgbọ́n kò ní tó oṣù kan tí tábúlẹ́ẹ̀tì á fi di ti àwọn ọmọ, tí wọ́n á máa fi wo eré. Ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í. Ẹ fún àwọn ọmọ ní wákàtí tiwọn, kí ẹ̀yin náà ní wákàtí tiyín. Ìyẹn kì í ṣe ahun.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ́kọ́ kọ ohun mẹ́ta tó fẹ́ fi ṣe sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ GB, mAh àti LTE sí abẹ́ rẹ̀, kí ó mú ìwé náà dání lọ sí ọjà. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ yára, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì ń kàwé lọ́wọ́.