Rírà Ọkọ̀ Àlòkù Kọ́ Ni Iṣẹ́

Tí a bá dárúkọ tòkunbọ̀, mọ́tò àti fíríìjì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn kan ń fi ojú àbùkù wo irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí àbùkù kankan nínú kí èèyàn ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a mọ̀ ọ́n rà, a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìtàn ọkọ̀ onígbòkun kan ni mo fẹ́ fi la ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Ọdún 1894 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà ní Essex, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Effie M. Morrissey. Ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pa. Nígbà tó yá, Bob Bartlett ń gbé e lọ sí ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí òkun ti máa ń dì. Bartlett kú ní 1946. Ní ọdún kejì, iná ran ọkọ̀ náà ní New York, ó sì rì. Ta ni yóò tún ra irú rẹ̀? Henrique Mendes, ọ̀gá atukọ̀ ọmọ Cape Verde, rà á ní 1948, ó tún un ṣe, ó sì fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ pè é: Ernestina.

Ọkọ̀ àlòkù yìí ló ń kó èrò àti ẹrù láàárín Cape Verde àti Providence, ní Amẹ́ríkà, títí di 1965. Ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ti ríṣẹ́ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé nínú rẹ̀. Ní 1976, ọdún kan lẹ́yìn tí Cape Verde gba òmìnira, ó tún forí lé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ ṣẹ́ lójú agbami, ó sì padà sílé. Wọ́n tún un ṣe níbẹ̀. Nígbà tó di 1982, wọ́n fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ. Láti 2015 títí di 2022 ni àwọn kápẹ́ńtà tún fi ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Maine. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní Massachusetts ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Àwọn kan lè sọ pé kò yẹ kí Cape Verde fi tọrẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn pọ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ yìí kan náà ló sì gbé òmíràn nínú wọn dé ibẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ẹ̀kọ́ tó bá a lọ. Ẹni tó bá yọ pátákó tó ti jẹrà, tó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ń kọ́ bí àwọn àgbà ṣe kan ọkọ̀. Fún nǹkan bí ọdún méje, Maine ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wáyé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, kó má jẹ́ kí ọ̀dà tàn án. Kó kan igi rẹ̀ lu, kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Kó sì mọ̀ pé owó tó san fún ẹni tó tà á kò ju owó ìwọlé lọ. Ìgbòkun ń gbó, okùn ń já, omi kì í sì í sinmi lára igi.

Láti Saint-Louis ní Senegal dé Elmina ní Ghana, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì ń dí ihò rẹ̀, wà létíkun wa. Kí ìjọba tó tún ra ọkọ̀ tuntun, kí ó ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí ó sì sanwó fún àwọn àgbà wọ̀nyí láti gba ọmọ iṣẹ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, rírà la ó máa rà, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sì máa bá wa tún un ṣe.