Èdè ni ó kọ́kọ́ kọ́

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mo máa ń bẹ̀ wò, gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi: «Ọ̀gá, ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ìwé.» Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń sọ ọ́, n kò sì gbà pé láti inú wọn ni ó ti wá. Àwọn ọkọ ni ó fi kọ́ wọn.

Ní 1892 ni a bí Bessie Coleman ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ kórè òwú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣe, ó sì fọ aṣọ fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó dé Chicago, èékánná ni ó ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Ó wá fẹ́ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á ní ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì jẹ́ adúláwọ̀. Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ní kí ó lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Níhìn-ín ni àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ ti máa ń sáré kọjá. Kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kọkànlá 1920, ó jókòó kọ́ èdè Faransé ní Chicago. Ẹni ọdún 28 ni nígbà náà, kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí olùkọ́ wí, tí ó sì gòkè lọ, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi san án. Ní Le Crotoy, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn arákùnrin Caudron, akẹ́kọ̀ọ́ kan kú lójú rẹ̀. Kò torí rẹ̀ padà sílé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1921, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń jẹ́ Fédération aéronautique internationale fún un ní ìwé àṣẹ. Nínú àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, òun ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kò lè sọ pé ìwé náà kì í ṣe ìwé.

N kò ní purọ́ fún yín: kò sọ ọ́ di olówó. Àrà ni ó ń dá lójú òfurufú fún àwọn òǹwòran kí ó tó jẹun, ó sì ní láti tún padà sí Yúróòpù ní 1922 láti kọ́ sí i. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa á ní 1926, kí ó tó dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń lá àlá rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀.

Ọkọ kan lè bi mí pé, ta ni yóò wa ọkọ̀ òfurufú ní Kétu? Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń wí. Obìnrin tí ń ta gàrí, tí ó fẹ́ ka ohun tí ó wà nínú ìwé gbèsè kí ó tó tẹ̀ka sí i, ohun tí Bessie wá ni òun náà ń wá. Bí ó bá sì ti mọ ìwé Yorùbá kà, ó ti rin ìdajì ọ̀nà Faransé.

Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Aago méje alẹ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá pọ̀n wá kò dí wa lọ́wọ́.